Ìrìn-Àjò Mi Láti Wá Ẹni Tí Ìjókòó Bàálù Ogun Bá Mu

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹni tí oòrùn ń pa, kí ó bọ́ sí abẹ́ igi odán yìí. Ẹni tí ó fẹ́ gbọ́n, kí ó jókòó níwájú; ẹni tí ó fẹ́ bá mi jiyàn, kí ó jókòó sẹ́yìn pátápátá, kí ohùn rẹ̀ má baà dé ọ̀dọ̀ mi. Èmi Ọdẹ́jìnmí ni mò ń sọ̀rọ̀, èmi tí ẹfọ̀n máa ń kí kí ó tó sá, èmi tí ẹkùn ń yà fún lójú ọ̀nà bí ìyàwó tuntun tí ó pàdé àna rẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń sọ ọ́ nínú ọkàn pé irọ́ ni mo fẹ́ pa. Kò burú. Ẹni tí ó bá ti dé ibi tí mo dé, kí ó dìde kí ó sọ tirẹ̀.

Ẹnìkan kò dìde. Ó dára. Ẹ jẹ́ kí n máa sọ tèmi.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, agbára ṣì wà lápá mi, àfi ikùn mi nìkan ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣáájú mi dé ibi gbogbo. Mo tọ ipasẹ̀ ẹfọ̀n kan wọ Igbó Àìwẹ̀yìn. Ẹfọ̀n náà kó sínú ihò ìrókò ńlá kan, èmi náà kó sí i. Nígbà tí mo yọ ní òdì kejì, n kò rí ẹfọ̀n mọ́, odi ìlú ni mo rí. Wọn kò ṣe ilẹ̀kùn sí odi náà. Ihò kan ṣoṣo ni wọ́n dá sí i, wọ́n sì gé ihò náà ní àwòrán ènìyàn, orí, èjìká, itan àti ẹsẹ̀, gbogbo rẹ̀ pé. Ibẹ̀ ni ará ìlú ń gbà wọlé. Ẹni tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ ń gba ibẹ̀ kọjá, afẹ́fẹ́ ń tẹ̀lé e. Ẹni tí ó sanra ń fi awọ ara sílẹ̀ níbẹ̀.

Oníbodè fi okùn yí mi ní ìbàdí, ó mi orí. Ó ní, "Ikùn rẹ fi ìka mẹ́rin ju òfin lọ."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, òfin wo?"

Ó ní, "Òfin Ìwọ̀n. O ti dé Ìlú Ìwọ̀n-Kan. Fa èémí sínú."

Mo fà á sínú. Wọ́n da epo pupa lé mi lórí, àwọn iwin ẹ̀ṣọ́ bodè méjì fà mí ní ọwọ́, mẹ́ta tì mí ní ìdí, mo sì wọ ìlú náà bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, pẹ̀lú igbe, láìsí ẹ̀wù lọ́rùn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé mi dé iwájú ọba wọn. Orúkọ rẹ̀ ni Mo-Ti-Sọ-Ọ́, nítorí pé ohun tí ó bá ti ẹnu rẹ̀ jáde, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń húkọ́ ni, òfin ni.

Ọba sọ ìṣòro ìlú náà fún mi. Ní ọdọọdún, bí ọyẹ́ bá ti mú, àwọn abàmì kan tí wọ́n ń jẹ́ Abìyẹ́-Idẹ máa ń fò wá láti Òkè Ẹ̀fúùfù, wọn a ṣí òrùlé, wọn a gbé ènìyàn lọ bí àṣá ṣe ń gbé òròmọdìẹ. Nítorí wọn ni ìlú náà fi kọ́ ogójì bàálù ogun. Ṣùgbọ́n kò sí oṣù tí bàálù mẹ́ta kì í já lulẹ̀, láìsí pé ọ̀tá fọwọ́ kàn wọ́n; wọn a sì tún kọ́ mìíràn dípò. Tí wọ́n bá kan àwókù rẹ̀, wọn a rí i pé ọwọ́ awakọ̀ kò tó irin tí ó yẹ kí ó fà, tàbí pé orúnkún rẹ̀ ti há.

Ọba yíjú sí olórí àwọn oníṣẹ́ rẹ̀, Olóyè Kòsáṣìṣe, bàbá kan tí ó ní irùngbọ̀n funfun, tí ó gbé ìwé lọ́wọ́ bí ẹni gbé ọmọ. Ọba ní, "Kí ni ó ń já bàálù wa?"

Kòsáṣìṣe ní, "Kábíyèsí, kò sí àbùkù lára bàálù. Ara àwọn ènìyàn ni wọ́n dá láìbéèrè lọ́wọ́ wa."

Ẹ gbọ́ mi, mo ti rí ejò olórí méjì rí, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹni tí ó sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tí kò rẹ́rìn-ín. Mo bi í bí ó ṣe ṣe ìjókòó náà. Ó ní ẹgbẹ̀rún jagunjagun ni òun wọ̀n: òun wọ̀n apá, òun wọ̀n itan, òun wọ̀n àyà, òun da gbogbo rẹ̀ pọ̀, òun pín in dọ́gba, ohun tí ó kan ẹnìkọ̀ọ̀kan ni òun sì fi kan ìjókòó kan ṣoṣo mọ́ inú bàálù kọ̀ọ̀kan.

Ó ní, "Ìjókòó mi kì í ṣe ojúsàájú."

Mo ní, "Olóyè, ṣé ẹ wá bi àwọn tí ó ń jókòó sí i bóyá ó bá wọn mu?"

Ó ní, "Mo bi wọ́n. Mo ní, ṣé ẹ wọlé? Wọ́n ní àwọn wọlé. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó bá wọn mu."

Mo ní, "Ṣé ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n lè jáde?"

Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó wò ó síwá, ó wò ó sẹ́yìn, ó ní, "Ìyẹn kò sí nínú ìwé."

Wọ́n mú mi lọ wo nǹkan fúnra mi. Ilé-ìṣọ́ ni a kọ́kọ́ gùn, níbi tí àwọn olùṣọ́ ti ń wo dígí ńlá kan tí ó ń fi ọ̀tá hàn láti òkèèrè. Wọ́n kan tábìlì mọ́lẹ̀, wọ́n kan àga mọ́lẹ̀, wọ́n sì kan dígí mọ́ ibi tí ojú ẹnikẹ́ni kò dé. Àwọn kúkúrú ń wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, àwọn gíga ń tẹ̀ bí ọ̀pẹ ẹ̀gbẹ́ odò. Mo kí olùṣọ́ kan pé ó kú iṣẹ́, òrùlé ni ó kọjú sí tí ó fi dá mi lóhùn. Ọrùn rẹ̀ ti gan síbẹ̀ láti ọdún mẹ́fà, níbi tí ó ti ń nà án wo dígí.

Lẹ́yìn náà a dé ilé bàálù. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan jókòó sínú ọ̀kan, ó ga bí àràbà, orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti wọ abẹ́ irin iwájú, ó sì ti bó yánnayànna. Ògúndábọ̀ ni orúkọ rẹ̀. Mo rọra bi í pé, "Àbúrò, èyí bá ọ mu?"

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá ní kò bá mi mu, wọn á ní ẹ̀rù ogun ló ń bà mí. Ó bá mi mu."

Obìnrin kékeré kan tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà korò. Àwẹ̀ró ni ìyẹn. Kò sí ẹni tí ó mọ bàálù wà tó o ní ìlú náà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan irin tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Ó ti gbẹ́ pákó kàn mọ́ ìsàlẹ̀ bàtà rẹ̀ kí ó lè tó o. Kòsáṣìṣe rí pákó náà, ó ní ó bú ìwọ̀n, wọ́n sì lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Nígbà tí a padà dé ààfin, ọba ti rí ọgbọ́n tirẹ̀. Ó ní, "Agbádá kì í wà kí ó má ní ọrùn tí yóò wọ̀ ọ́. Bí ìjókòó bá wà, ẹni tí ó ni ín wà. Ẹni-Àárín ni orúkọ rẹ̀: ẹni tí apá rẹ̀ wà láàárín, tí itan rẹ̀ wà láàárín, tí ohun gbogbo rẹ̀ wà láàárín. Ìwọ ọdẹ, lọ inú igbó kí o mú un wá, kí á lè bí ogójì irú rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ni mo fún ọ."

Mo ní, "Kábíyèsí, bí n kò bá rí i ńkọ́?"

Ọba ní, "A ó fi ọ̀bẹ gbẹ́ ọ títí ìwọ fúnra rẹ yóò fi bá a mu."

Kòsáṣìṣe wo ikùn mi, ó kọ nǹkan sínú ìwé.

Wọ́n fún mi ní okùn kan tí wọ́n ta kókó sí, kókó fún apá, kókó fún itan, kókó fún gíga. Wọ́n ní kí Àwẹ̀ró fi ọ̀nà hàn mí, nítorí ó ti fò kọjá lórí gbogbo igbó náà, tí ó sì jẹ́ pé bí ó bá kú sọ́hùn-ún, kò ní dun ìwé ẹnikẹ́ni.

Ní ọjọ́ kẹta, iwin kan dábùú ọ̀nà fún wa. Apá rẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi wé e mọ́ra lẹ́ẹ̀mẹ́ta bí ọ̀já. Ó ní òun yóò bá mi jà. Mo ní iṣẹ́ mi nìyẹn. A wọ ìjà. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn yẹn! Kì í ṣe pé ó dá mi. Ilẹ̀ ni ó wá pàdé ẹ̀yìn mi, ó sì wá ní ẹ̀ẹ̀meje. Ní ìgbà keje, iwin náà ṣàdédé bojú wẹ̀yìn. Àwẹ̀ró ti wà ní ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń fi okùn wọ̀n ọ́n.

Iwin ní, "Kí ni ẹ ń ṣe ní ẹ̀yìn mi?"

Àwẹ̀ró ní, "À ń wọ̀n yín ni, bàbá. Gíga yín pé géérégé. Itan yín pé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ na apá."

Ó na apá. Okùn tán, apá kò tán. Inú mi bàjẹ́, ṣùgbọ́n omijé ni ó ń bọ́ lójú iwin náà. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti bí òun, gbogbo ayé ni ó ń sá fún apá òun, kò tíì sí ẹni tí ó bi òun rí bóyá òun ń rí àga jókòó sí. Ó sun iṣu fún wa, ó sì fi apá rẹ̀ gbé wa kọjá odò mẹ́ta láìdìde.

A dé ìlú kan lẹ́yìn ìyẹn, a rí olóyè kan níbẹ̀: apá rẹ̀ pé, gíga rẹ̀ pé, èjìká rẹ̀ pé. Mo ti fò sókè, mo ti ń kọrin, mo ti ń rí ilé mi lọ́ọ̀ọ́kán. Àwẹ̀ró ní, "Ẹ jẹ́ kí ó jókòó ná." Ó jókòó, a kò sì mọ̀ pé ó ti jókòó. Bí orí rẹ̀ ṣe ga nígbà tí ó dúró ni ó ṣe ga nígbà tí ó jókòó. Ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ ni Ẹlẹ́dàá fún un, ó kó gbogbo ìyókù sí àyà. Bí a bá fi í sínú bàálù, orí rẹ̀ yóò lu dígí òkè.

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń wọ̀n wọ́n kiri. A wọ̀n iwin, a wọ̀n ènìyàn, a wọ̀n egbére tí ó gbé ẹní rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tí apá rẹ̀ bá pé, ìdí rẹ̀ a fẹ̀ jù. Ẹni tí ìdí rẹ̀ bá pé, itan rẹ̀ a kúrú. Ìka kò dọ́gba lọ́wọ́, àwa sì ń wá ọwọ́ tí ìka rẹ̀ dọ́gba. Ní ọjọ́ kẹtàlá, a ti wọ̀n irínwó, kò sí ẹyọ kan tí ohun gbogbo rẹ̀ pé.

Ọjọ́ náà ni a dé oríta kan. Ìyá arúgbó kan jókòó síbẹ̀, àwọn òkìtì ọ̀gán yí i ká, òkìtì kọ̀ọ̀kan ní ojú àti imú. Ó ní ẹni tí kò bá já àlọ́ òun yóò kún wọn. Ó ní, "Ta ni ọmọ tí gbogbo ìlú pawọ́ pọ̀ bí, tí ẹnìkan kò wẹ̀ rí, tí ẹnìkan kò fún lọ́mú rí, tí wọ́n sì ti kọ́lé dè é?"

Èmi Ọdẹ́jìnmí, tí n kò bẹ̀rù ẹkùn, mo ti ń fojú wá ọ̀nà tí n ó gbà sá. Mo ti ń gbọ́ bí ẹsẹ̀ mi ṣe ń tutù bí amọ̀. Ṣùgbọ́n Àwẹ̀ró jókòó sílẹ̀ lójijì bí ẹni tí wọ́n já ẹrù lé lórí.

Ó ní, "Ìyá, Ẹni-Àárín ni. Kò sí."

Ìyá arúgbó ní, "Ẹ kú orí ire. Inú ilé tí wọ́n kọ́ fún ẹni tí kò sí ni àwọn tí ó wà ti ń kú. Ẹ máa lọ."

Mo ní kí á sá. Ta ni yóò padà lọ bá ọ̀bẹ? Àwẹ̀ró ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ lè máa lọ. Ògúndábọ̀ àti àwọn yòókù kò mọ ohun tí a mọ̀." Ojú tì mí. Mo tẹ̀lé e, mo sì ń bú ara mi ní gbogbo ọ̀nà.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún ni a dé ààfin. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ ọ́ bí ó ti rí: pé Ẹni-Àárín kò sí láyé, kò sí lọ́run, inú ìwé nìkan ni ó ń gbé.

Kòsáṣìṣe gba okùn lọ́wọ́ mi, ó gbọ́ òórùn rẹ̀. Ó ní, "Kábíyèsí, òjò ti pa okùn yìí, ó ti súnkì. Ènìyàn náà wà. Ọdẹ yìí ni kò mọ nǹkan wọ̀n."

Ọba ní, "Ẹ pọ́n ọ̀bẹ."

Wọ́n ti ń pọ́n ọn létí mi nígbà tí òkùnkùn ṣàdédé bo àgbàlá ní ọ̀sán gangan. A gbójú sókè: Abìyẹ́-Idẹ ti kún ojú ọ̀run. Ilé-ìṣọ́ kò rí wọn. Báwo ni yóò ṣe rí wọn? Òrùlé ni àwọn olùṣọ́ ń wò. Igbe sọ, àwọn ìyá ń wá ọmọ kiri, òrùlé àkọ́kọ́ ti ṣí lọ.

Ògúndábọ̀ ni ó kọ́kọ́ sáré. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti orúnkún wọ abẹ́ irin, ó sì gbéra. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọmọ náà jà! Ó já Abìyẹ́ méjì lulẹ̀, ó lé ìkẹta títí ó fi ju ọmọ tí ó gbé sílẹ̀ sórí koríko. Lẹ́yìn náà iná ran bàálù rẹ̀ ní ìrù. Irin kan wà nínú bàálù wọnyẹn tí awakọ̀ yóò fà, tí ìjókòó yóò sì jù ú síta. Ó fà á. A rí i pé ó fà á. Ìjókòó náà fẹ́ gbé e, orúnkún rẹ̀ kò jẹ́. Òun àti bàálù ni ó já sí oko àgbàdo.

Àwẹ̀ró kò sunkún. Ó yọ àáké ọdẹ tí mo gbé kọ́ èjìká, ó wọ ilé bàálù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé ẹsẹ̀ ìjókòó. Kòsáṣìṣe ń pariwo pé ó ń ba ìwọ̀n jẹ́. Mo jókòó lé e lórí. Ọjọ́ kan ṣoṣo nìyẹn tí ikùn mi ṣe ìlú ní àǹfààní. Àwẹ̀ró pe àwọn alágbẹ̀dẹ, ó ní kí wọ́n gbé ìjókòó náà lé orí irin méjì, kí wọ́n lu ihò méje sí irin kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi èèkàn irin dè é. Ẹni tí ó kúrú yóò yọ èèkàn, yóò fà á síwájú, yóò tún un kì. Ẹni tí ó ga yóò tì í sẹ́yìn. Ó tán. Ṣé ẹ rò pé ó gba ọdún? Kí iṣu tó jinná lórí iná, wọ́n ti ṣe mẹ́fà.

Àwẹ̀ró gun ọ̀kan, ó fa ìjókòó rẹ̀ dé ihò àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan irin. Mo rí ojú rẹ̀ nígbà tí ó kàn án. Àwọn márùn-ún gbéra tẹ̀lé e, olúkúlùkù ní ihò tirẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, àwọn Abìyẹ́-Idẹ ti ń sá lọ sí Òkè Ẹ̀fúùfù. Èmi náà fi ìbọn mi já ọ̀kan. Àwọn kan ní àárẹ̀ ni ó mú un tí ó fi bà. Ẹ má dá wọn lóhùn.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n sin Ògúndábọ̀. Gbẹ́nàgbẹ́nà wọ̀n ọ́n láti orí dé àtàǹpàkò, ó kan posí fún un. Nínú gbogbo ohun tí ìlú náà ṣe fún ọmọ náà, òun nìkan ni ó bá a mu.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ọba pe ìpàdé. Mo rò pé wọn yóò lé Kòsáṣìṣe. Kòsáṣìṣe ni ó dìde tí ó sọ̀rọ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ ń dán.

Ó ní, "Kábíyèsí, ṣé n kò sọ pé ìwọ̀n tí ó tọ́ wà? A ti rí i. Àwẹ̀ró ni! Bàálù rẹ̀ ni ó ṣẹ́gun, ihò àkọ́kọ́ ni ó lò." Ó fi okùn tuntun wọ̀n ọ́n níwájú gbogbo ènìyàn, láti ìka dé ìka, bí ẹni ń wọ̀n aṣọ. Ó ní kí wọ́n gbé ogójì ìjókòó lé orí irin bí i tirẹ̀, kí wọ́n fà á sí ihò àkọ́kọ́, kí wọ́n fi ìṣó kàn án mọ́ ibẹ̀ títí láé, kí wọ́n sì wá ogójì jagunjagun tí ó ṣe rẹ́gí bí Àwẹ̀ró.

Ọba ní, "Mo ti sọ ọ́."

Gbogbo ìlú pàtẹ́wọ́. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin gíga ti ń tẹ orúnkún kí wọ́n lè kúrú. Wọ́n ní kí n gba oyè; mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n lọ wẹ̀ ná, mo sì wá Àwẹ̀ró lọ.

Mo bá a ní ilé bàálù. Ìró òòlù àwọn oníṣẹ́ Kòsáṣìṣe ń dún ní apá kan, wọ́n ń kan ìjókòó. Àwẹ̀ró wà ní apá kejì, ó fi ẹ̀mú há ẹnu, ó ń tẹ̀lé wọn láti bàálù dé bàálù. Ibi tí wọ́n bá ti kàn tán ni ó ń tú.

Mo ní, "Àbúrò mi, bá mi ká lọ. Ní ilé wa, àpótí ni a ń jókòó lé, kò sí ẹni tí yóò wọ̀n ọ́."

Ó mú ẹ̀mú kúrò lẹ́nu, ó rẹ́rìn-ín sí mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá bá yín lọ, ta ni yóò máa yọ ìṣó?"

Mo gbé ìbọn mi, mo gba ojú oko àgbàdo kọjá. Fún ìgbà pípẹ́, mo ń gbọ́ ọ lẹ́yìn mi: òòlù á dún, lẹ́yìn náà ìṣó á já sílẹ̀ gbàǹgàn.

Ohun tí ojú mi rí ni mo fi ẹnu kó fún yín. Ẹ gbọn ìdí yín nù, kí olúkúlùkù máa lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀.